Kì í ṣe ẹni tó bá ọ tẹ àwòrán ló bà á jẹ́

O kọ̀wé gígùn sí mi nípa ìyàwó rẹ, tí kò fẹ́ kí o fi fọ́tò ìgbéyàwó sílẹ̀. O ní fọ́tò ìgbéyàwó ti sú ọ, iṣẹ́ ọnà orí kọ̀ǹpútà lo fẹ́ gbájú mọ́: kí o máa to fọ́tò pọ̀, kí o máa kùn ún, kí o máa tà á fún àwọn tó ń gbé e kọ́ ara ògiri. O wá fẹ́ kí n bá ọ wá ọ̀rọ̀ tí yóò rọ ìyàwó rẹ lọ́kàn. Mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n àárín ọ̀rọ̀ lo ki gbólóhùn yìí bọ̀, bí ẹni tí kò sọ nǹkan kan: “Mo máa ń pa RAW rẹ́ tí mo bá ti kó JPEG fún oníbàárà, torí àyè.” (RAW ni fáìlì ìpilẹ̀ tí kámẹ́rà gbà sílẹ̀; JPEG ni ẹ̀dà tí a fún pọ̀ kí ó lè kéré.) Kò pẹ́ sí i, o bẹ̀rẹ̀ sí í bú ẹni tó bá ọ tẹ iṣẹ́ rẹ àkọ́kọ́, pé kò mọṣẹ́, torí òfurufú inú rẹ̀ là ní ìlà-ìlà bí àtẹ̀gùn.

O ò wa rí i pé ọ̀rọ̀ kan náà ni méjèèjì? Ìwọ lo fa ìlà yẹn. Irú lẹ́tà yìí kì í wọ́n lọ́dọ̀ mi: ayafọ́tò á da fáìlì nù, á wá di ẹ̀bi náà ru ẹlòmíì.

Nínú JPEG, ìpele 256 péré ni àwọ̀ pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù ní lọ́kọ̀ọ̀kan, láti dúdú dé mímọ́. RAW 14-bit (bit ló ń sọ iye ìpele; JPEG jẹ́ 8-bit) ní 16,384. Fún fọ́tò ìgbéyàwó, 256 tó, torí o ò ní fà á jìnnà, ìyẹn ni pé o ò ní yí ìmọ́lẹ̀ àti àwọ̀ rẹ̀ padà púpọ̀. Iṣẹ́ tí o fẹ́ bọ́ sí yìí, fífà ni gbogbo rẹ̀. Wo òfurufú yẹn dáadáa: láti òkè dé ìsàlẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ lè má ju ìpele 50 lọ. Tẹ́ 50 yìí sórí gíga píksẹ̀lì 3,000 (píksẹ̀lì ni àwọn àmì tíntìntín tó para pọ̀ di àwòrán), ìpele kan á gba píksẹ̀lì 60. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ ní píksẹ̀lì 300 sí ínṣì kan, ìlà kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó mìlímítà 5, ojú lásán á rí i. O tún wá fi Curves, irinṣẹ́ ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn inú Photoshop, fà á kí òkè lè ṣú dẹ̀dẹ̀, àlàfo àárín ìlà kan àti èkejì bá pọ̀ sí i. Lẹ́yìn náà lo nu gbogbo noise kúrò kí ó lè dán, bẹ́ẹ̀ àwọn èérún kéékèèké yẹn gan-an ló ń bo ìlà mọ́lẹ̀. Kí ni kí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wá ṣe? Ohun tí o gbé fún un ló tẹ̀.

O ní o yí JPEG náà sí 16-bit kí o tó bẹ̀rẹ̀. Kò burú, ṣùgbọ́n ohun tó ti lọ ti lọ. Àtúnṣe tó kù kàn máa ní àyè tó láti má bà á jẹ́ sí i ni. Bí o bá fẹ́ gba iṣẹ́ yẹn là, fi mask (ìbòjú tó ń dáàbò bo apá tí o ò fẹ́ kàn) ya òfurufú sọ́tọ̀, fún un ní Gaussian Blur (èyí tó ń mú àwòrán ṣe bàìbàì) díẹ̀ nínú 16-bit, kí o wá da noise 1 sí 2 nínú ọgọ́rùn-ún lé e lórí, aláwọ̀ kan ṣoṣo. Wò ó ní 100%, má wò ó ní kékeré. Kí o sì yẹ ìwọ̀n fáìlì wò: píksẹ̀lì 6,000 ní fífẹ̀ á tẹ ínṣì 20 dáadáa, èyí tí o gbà padà lórí WhatsApp, tó jẹ́ 1,600, kò kọjá ínṣì 5 àti díẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, má fi fọ́tò àwọn ìyàwó tí o yà níbi ìgbéyàwó ṣe iṣẹ́ ọnà mọ́. (Ta ló fún ọ láṣẹ láti ta ojú wọn ná? Gba ìwé àṣẹ tí wọ́n fọwọ́ sí.) Lọ ya ohun èlò tìrẹ ní RAW: òfurufú, ògiri tó ti gbó, aṣọ, èéfín níwájú aṣọ dúdú. Jẹ́ kí gíga kámẹ́rà àti ìhà tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wá bára mu. Ṣí wọn ní 16-bit gẹ́gẹ́ bí Smart Object, àpò inú Photoshop tó ń pa fáìlì ìpilẹ̀ mọ́, kí o lè padà sídìí RAW nígbàkigbà. Ibi tí àṣírí àtòpọ̀ sì ti ń tú jù ni abẹ́ ẹsẹ̀: òjìji gbọ́dọ̀ dúdú jù níbi tí bàtà ti kan ilẹ̀, kó máa fẹ́lẹ́ bó ṣe ń jìnnà. Má fi Flatten (àṣẹ tó ń pa gbogbo layer pọ̀ di ọ̀kan) pa layer, ìyẹn àwọn abala iṣẹ́ tó wà lórí ara wọn, rẹ́ láé, àyàfi lórí ẹ̀dà tí o fẹ́ fi tẹ̀. Bí fáìlì bá kọjá 2GB, PSD, irú fáìlì Photoshop, ò ní gbà á, tọ́jú rẹ̀ sí PSB, èyí tó gba fáìlì ńlá.

Ọ̀rọ̀ àyè tí o ń wí: RAW 1,000 láti inú kámẹ́rà mẹ́gápíksẹ̀lì 24 kì í sábà ju nǹkan bíi 30GB lọ. Disk 1TB gba ọgbọ̀n òde. Ra méjì, kí ìkejì máà gbé inú ilé kan náà pẹ̀lú àkọ́kọ́. Owó ìgbéyàwó ni yóò rà wọ́n, nítorí náà ìyàwó rẹ ló jàre fún ìgbà yìí.

Iṣẹ́ tó kàn, má tẹ odidi. Gé abala tóóró kan tó fẹ̀ ní ínṣì 4, láti inú òfurufú dé inú òjìji tó dúdú jù, ní ìwọ̀n gidi tí àwòrán yóò jẹ́. Jẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí irú bébà kan náà, kí o gbé e síta ní ojúmọmọ. Bí ìlà bá ṣì hàn, padà sídìí kọ̀ǹpútà rẹ, má pe ẹnikẹ́ni.