Ohun kan ń dún kọ́kọ́kọ́ lábẹ́ ọkọ̀: ṣé ọ̀pá stabilizer ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Nǹkan kan ń dún kọ́kọ́kọ́ níwájú lábẹ́ ọkọ̀ mi, pàápàá tí mo bá ń rọra lọ lójú ọ̀nà tó ní kòtò wẹ́wẹ́. Tí mo bá ti dé ojú títì tó dán, ó máa ń dákẹ́. Ó tún ń ṣe mí bíi pé ọkọ̀ náà ń tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ju ti tẹ́lẹ̀ lọ tí mo bá ń yà ní kọ́nà. Mẹkáníìkì kan ní ọ̀pá stabilizer ló ti bàjẹ́, pé kí n lọ ra odindi. Òmíràn ní irọ́ ni, shock absorber ni. Ta ni kí n gbà gbọ́ nínú wọn?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì ra ọ̀pá kankan. Bí ẹ ṣe ṣàlàyé ẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ sàkáání ọ̀pá stabilizer, irin tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ tẹ̀ jù ní kọ́nà, ni wàhálà wà lóòótọ́, àmọ́ ọ̀pá yẹn fúnra rẹ̀ kì í sábà bàjẹ́. Àwọn nǹkan kéékèèké tó so ó mọ́ ọkọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ lọ: linkage méjì, ìyẹn ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó so orí rẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, àti bọ́ṣìn méjì, ìyẹn rọ́bà tó gbá ọ̀pá náà mú mọ́ abẹ́ ọkọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ iṣẹ́ tí ọ̀pá stabilizer ń ṣe, torí ibẹ̀ ni àyẹ̀wò gbogbo ti ń jáde. Irin kan ṣoṣo ni, wọ́n tẹ orí rẹ̀ méjèèjì, ó wá dábùú abẹ́ ọkọ̀ láti ẹsẹ̀ ọ̀tún dé ẹsẹ̀ òsì. Tí ẹ bá fi eré yà sọ́tùn-ún, ara ọkọ̀ á fẹ́ dà sósì. Ẹsẹ̀ òsì á ká sókè, ẹsẹ̀ ọ̀tún á na ara rẹ̀ sísàlẹ̀, irin yẹn á sì máa lọ́. Bó ṣe ń kọ̀ láti lọ́ yẹn ni kì í jẹ́ kí ọkọ̀ tẹ̀ jù. Àmọ́ tí táyà iwájú méjèèjì bá jọ gun bọ́m̀pù lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí ohun tó ń lọ́ ọ, ńṣe ló kàn ń yí nínú bọ́ṣìn rẹ̀. Àfi ìgbà tí ọ̀tún àti òsì ò bá ṣe ohun kan náà ni iṣẹ́ tó dé bá a.

Nítorí náà, ẹ wá bọ́m̀pù kan níbi tí kò sí ariwo àti ọkọ̀ púpọ̀. Ẹ pa rédíò, ẹ sọ gíláàsì sílẹ̀, kí eré yín má ju ti ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ. Ẹ kọ́kọ́ gùn ún tààrà, kí táyà méjèèjì jọ gùn ún. Lẹ́yìn náà, ẹ padà wá, ẹ gbà á ní ìdábùú, kí táyà kan gùn ún ṣáájú èkejì. Tí tààrà bá dákẹ́, tí ìdábùú wá ń dún kọ́kọ́kọ́, linkage ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Tó bá jẹ́ bákan náà ló ń dún lọ́nà méjèèjì, ó lè jẹ́ ball joint, ìyẹn oríkèé roboto tó so ẹsẹ̀ táyà mọ́ apá irin ìsàlẹ̀ (lower arm), tàbí ibi tí shock absorber, èyí tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ máa jó sókè sódò, ti gun ara ọkọ̀ lókè, tàbí bọ́ṣìn apá irin ìsàlẹ̀ yẹn. Èyí ò tíì parí ẹjọ́ o, ó kàn ń júwe ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀ ni.

Ní ti ọkọ̀ tó ń tẹ̀, ẹ fara balẹ̀ wò ó. Ọkọ̀ tó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan níbi tó dúró sí lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú kì í ṣe ọ̀rọ̀ stabilizer, sípíríǹgì ni kí ẹ lọ wò. Èyí tó ń jó sókè sódò lẹ́yìn tó ti kọjá bọ́m̀pù, tí kò tètè fìdí balẹ̀, ti shock absorber nìyẹn. Ti stabilizer, inú kọ́nà ló ti ń hàn, tàbí tí ẹ bá ṣàdédé yẹ̀ fún nǹkan lójú ọ̀nà.

Ó wá kan abẹ́ ọkọ̀. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ti ń ṣì í: wọ́n á fi jáàkì gbé ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, wọ́n á mi linkage, kò ní mì, wọ́n á ní kò sóhun tó ṣe é. Kò lè mì! Ẹsẹ̀ kan wà lókè, èkejì wà nílẹ̀, ọ̀pá náà ti lọ́, ó sì ti fa linkage le. Ẹ jẹ́ kí táyà méjèèjì wà nílẹ̀, tàbí kí wọ́n gbé méjèèjì sókè lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n sì fi ìdúró irin gbe ọkọ̀ náà. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ jáàkì nìkan ló gbé e dúró.

Ẹ fa bírékì ọwọ́, ẹ yí sítíárìn parí sápá kan kí ẹ lè ráyè nawọ́ sẹ́yìn táyà. Linkage ni ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní orí roboto lókè àti nísàlẹ̀, tí rọ́bà bo orí kọ̀ọ̀kan. Ẹ gbá a mú láàárín, ẹ mì í tagbáratagbára, sókè sódò, síwá sẹ́yìn. Èyí tó dáa máa le gan-an. Èyí tó ti jẹ, ẹ ó gbọ́ ọ nínú ọwọ́ yín kí etí tó gbọ́ ọ, kẹ́-kẹ́, bí orí rẹ̀ ṣe ń ṣeré nínú ilé rẹ̀. Ẹ wo rọ́bà rẹ̀ náà: tó bá ti ya, tí gíríìsì ti dà jáde, tí iyanrìn ti wọlé, kò ní pẹ́ tí yóò fi jẹ, bí kò bá tíì máa dún pàápàá.

Bọ́ṣìn ní ohùn tirẹ̀. Ó máa ń han bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Ẹ fọ́n omi sí i, kí ẹ tún wakọ̀ díẹ̀. Tó bá dákẹ́ fúngbà díẹ̀, ẹ ti mú un nìyẹn. Ẹ sì wo ibi tí rọ́bà ti gbá irin mú. Tí àlàfo bá wà níbẹ̀, tàbí tí irin náà ń dán níbi tó yẹ kí ọ̀dà wà, ó ti jẹ. Ẹ má fi epo ẹ́ńjìnnì tàbí gíríìsì lásán pa á, wọ́n máa ń ba rọ́bà jẹ́.

Tó bá jẹ́ ọ̀pá náà gan-an ló ṣẹ́, ìpẹtà ló sábà máa ń fà á, nítòsí bọ́ṣìn tàbí níbi tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Ọkọ̀ á dédé máa tẹ̀ gan-an ní kọ́nà. Tí orí tó ṣẹ́ bá ń kan táyà tàbí rọ́bà bírékì, ẹ má wà á mọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n wá fà á.

Tí iyèméjì bá ṣì wà, ẹ ní kí mẹkáníìkì tú linkage méjèèjì, kí ó so orí ọ̀pá náà kó má kan táyà, kí ẹ sì rọra wa ọkọ̀ náà lójú ọ̀nà tó ti ń dún. Tí ohùn bá lọ, ẹ ti rí i. Ọkọ̀ á tẹ̀ ju ti ìgbàkigbà lọ ní gbogbo àkókò yẹn, torí náà, ẹ má sáré rárá, kí wọ́n sì dá a padà lójú ẹsẹ̀.

Linkage méjèèjì ni kí ẹ pààrọ̀ pa pọ̀, torí ọjọ́ orí kan náà ni wọ́n. Tó bá jẹ́ irú èyí tó ní bọ́ṣìn rọ́bà lórí, kí wọ́n má dè é parí àyàfi tí ọkọ̀ bá ti fi ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró nílẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, rọ́bà tuntun á ti lọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Linkage tó ń dún kò ní kí táyà yọ. Ball joint lè ṣe bẹ́ẹ̀, ohùn wọn sì jọra púpọ̀. Nítorí náà, tí kọ́kọ́kọ́ yẹn bá ṣì ń dún lẹ́yìn tí wọ́n ti tú linkage méjèèjì, ball joint ni kí wọ́n yẹ̀ wò kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan shock absorber.