Ṣé ìtàn ìdílé Henry inú The Winds of War ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́?

Rárá, ìdílé Henry kò gbélé ayé rí. Herman Wouk ló dá wọn sínú ìwé ìtàn àròsọ tó gbé jáde lọ́dún 1971, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ABC ní Amẹ́ríkà sì sọ ọ́ di eré tó fi hàn ní apá méje ní oṣù Kejì ọdún 1983. Ogun Àgbáyé Kejì tó gbá wọn kiri ni kì í ṣe àròsọ. Nígbà tí Jámánì ya wọ Pólándì ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1939, Byron, ọmọ ìdílé Henry, àti Natalie, obìnrin tó nífẹ̀ẹ́, wà níbẹ̀, wọ́n sì sá wọ Warsaw lábẹ́ àdó olóró: ìfẹ́ àwọn méjèèjì ni àròsọ, àdó olóró tó rọ̀ lu ìlú yẹn ṣẹlẹ̀. Roosevelt, Churchill, Hitler àti Stalin tí Pug Henry, bàbá Byron, ń bá pàdé jẹ́ èèyàn gidi, àmọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá a sọ, Wouk ló kọ ọ́. Ẹni tó yẹ ká ṣọ́ra fún ni Ọ̀gágun Armin von Roon ti Jámánì. Nínú ìwé, ó ń ṣàlàyé ogun bí òpìtàn gan-an, síbẹ̀ ẹ̀dá ìtàn lòun náà. Eré yìí dúró síbi tí Japan ti kọlu Pearl Harbor, ibùdó ọkọ̀ ogun ojú omi Amẹ́ríkà, ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá ọdún 1941. War and Remembrance, ìtàn tó tẹ̀ lé e, ló gba ìyókù sọ.