Ṣé ilẹ̀ tó mì ló ń pa èèyàn àbí ilé?

Ilé ni o. Ilẹ̀ tó ń mì fúnra ẹ̀ kì í sábà pa èèyàn, ilé tó wó lé wọn lórí ló ń pa wọ́n. Ẹ wo 2010, agbára ìmìtìtì ilẹ̀ ti Haiti jẹ́ 7.0, àwọn tó kú lé ní 100,000, oṣù kejì ti Chile dé, 8.8, tó le ju yẹn lọ fíìfíì, àwọn tó kú ò tó 600. Lóòótọ́ ti Haiti sún mọ́ Port-au-Prince, olú ìlú wọn, gan-an, ṣùgbọ́n Chile ti ní òfin ilé kíkọ́ tí wọ́n ń tẹ̀ lé.

Orí pílà lọ̀rọ̀ pọ̀ sí jù. Àwọn irin wẹ́wẹ́ tí bẹ́ńdà máa ń so yí irin gbọọrọ ká, tí wọ́n ń pè ní ríǹgì, àwọn ló ń di pílà mú nígbà tí ilé bá ń fì. Tí ríǹgì bá jìnnà síra, kọnkéré á fọ́, irin á tẹ̀ síta, dẹ́kìn òkè á wá já lé ti ìsàlẹ̀, kò ní sáyè fún èèyàn láàárín. Báyẹn ni ọ̀pọ̀ ilé ṣe lọ ní Turkey ní February 2023, ó lé ní 50,000 tó kú níbẹ̀.

Èkó ò sí níbi tí ilẹ̀ ti ń mì bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ ilé wó pa àwọn ọmọ iléèwé ní Ìta Fájì ní 2019, ti Ìkòyí ní 2021 pa ju 40 lọ, ó ṣì ń dùn mí. Tí pílà ilé yín bá ti sán tí irin ti ń yọjú, ẹ pe LASBCA, iléeṣẹ́ ìjọba Èkó tó ń bójú tó ilé kíkọ́, ẹ má kàn fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ.