Ẹgbẹ́ rọ́gíbì ní ká wá jọ kọ́ pápá ìṣeré: kí la gbọ́dọ̀ wò ká tó fọwọ́ sí i?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ireland ni mò ń gbé, ní ìlú kékeré kan tí kò jìnnà sí Dublin. Èmi ni akápò ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá kan tí àwọn ọmọ wa àti ọmọ àwọn ará ìlú jọ ń gbá. A ò ní pápá tiwa, háyà la ń san kiri. Ẹgbẹ́ rọ́gíbì tó wà ládùúgbò ní ilẹ̀. Wọ́n ti pè wá pé ká dáwó jọ, ká kọ́ ìjókòó òǹwòran, ká ri iná pápá, ká kọ́ yàrá ìparọ̀ aṣọ, ká wá máa lo gbogbo rẹ̀ pọ̀. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ wa ní ká tètè gbà kí wọ́n má baà yí ọkàn padà. Àwọn tó kù ń bẹ̀rù pé tí ilé bá dúró tán, wọ́n á lé wa síta. Ta ló tọ̀nà nínú wa? Kí la gbọ́dọ̀ wò?

Ìdáhùn

Ẹ kú làálàá ẹgbẹ́ o. Mi ò ní fi ìdáhùn falẹ̀: ẹ lè gbà, ṣùgbọ́n kí kọ́bọ̀ tó kúrò nínú àpò ẹgbẹ́, ẹ gbọ́dọ̀ ní ìwé lórí ilẹ̀ náà tí ọjọ́ rẹ̀ yóò gùn ju ọjọ́ gbèsè yín lọ, kí ẹ sì ti fẹnu kò lórí ìgbà tí koríko yóò máa sinmi. Iṣẹ́ mi ni kí n máa gba àwọn ẹgbẹ́ eléré ìdárayá nímọ̀ràn lórí ilẹ̀ àti ilé, méjì yìí ló sì ń dá ìjà sílẹ̀ jù lọ. Ta ni yóò san owó iná, ta ni yóò gbálẹ̀ lẹ́yìn ìdíje, ẹ lè yanjú ìyẹn láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Ẹ wo Lansdowne Road ní Dublin, pápá tí gbogbo wa ń pè ní Aviva Stadium báyìí. Rọ́gíbì ló ti ni ibẹ̀ tipẹ́; láti ọdún 1878 ni orílẹ̀-èdè Ireland ti ń gbá rọ́gíbì níbẹ̀. FAI, àjọ bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá, ayálégbé lásán ni wọ́n jẹ́ níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kí wọ́n tó wó pápá àtijọ́ lulẹ̀ ní 2007, FAI àti IRFU, àjọ rọ́gíbì, dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní ìdajì-ìdajì láti kọ́ tuntun, kí ilé-iṣẹ́ náà sì máa bójú tó o. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 410 owó yúrò ni iṣẹ́ náà gbà, ìjọba sì mú mílíọ̀nù 191 wá nínú rẹ̀. Oṣù Karùn-ún 2010 ni wọ́n ṣí i, ó ń gba 51,700 òǹwòran.

Ẹni tó bá gbọ́ ìdajì-ìdajì yóò rò pé ogún onílé méjì ni. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ilẹ̀ ibẹ̀ ṣì jẹ́ ti IRFU. Ohun tó wà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ àjọni yẹn ni ìwé líìsì, àdéhùn ìyálò ilẹ̀, fún ọgọ́ta ọdún, tí ọgọ́ta ọdún bá sì pé, pápá yóò padà sọ́wọ́ IRFU nìkan. Kò sí ìrẹ́jẹ níbẹ̀ o, torí ọgọ́ta ọdún tó kí bàbá, ọmọ àti ọmọ-ọmọ gbá bọ́ọ̀lù lórí koríko kan náà. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí ni pé FAI, pẹ̀lú gbogbo bó ṣe tóbi tó, kò rí ilẹ̀ gbà. Ọdún ló rí gbà, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ọdún lẹ̀yin náà ń fi owó yín rà. Ẹ bi wọ́n ní tààrà: ọdún mélòó? Bí ẹ bá yá owó tí ẹ ó fi ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún san, tí ìwé yín jẹ́ ọdún mẹ́wàá, ọdún márùn-ún lẹ ó fi máa san gbèsè ilé tí wọ́n lè tì mọ́ yín níta. Nítorí náà, àwọn tó ń bẹ̀rù nínú ìgbìmọ̀ yín kì í ṣe ọ̀dẹ̀.

Orúkọ tí ìwé náà bá jẹ́ tún ṣe pàtàkì. Láísẹ́ǹsì jẹ́ àṣẹ pé kí ẹ wọlé, kí ẹ gbá bọ́ọ̀lù, kí ẹ jáde. Kò fún yín ní ìpín kankan nínú ilẹ̀. Líìsì ló ń fún yín. Mo ti rí ẹgbẹ́ tó na owó ńlá sórí yàrá ìparọ̀ aṣọ pẹ̀lú láísẹ́ǹsì olójú-ewé méjì lọ́wọ́, nígbà tí ìgbìmọ̀ tuntun sì gorí oyè lọ́dọ̀ onílẹ̀, wọn ò rí ibi kankan dìmú. Ẹ tún béèrè bóyá ẹgbẹ́ rọ́gíbì yìí fúnra rẹ̀ ló ni ilẹ̀. Ó lè jẹ́ pé orúkọ àwọn alágbàtọ́ kan tí wọ́n ti darúgbó, tàbí tí wọ́n ti kú, ló ṣì wà nínú ìwé. Ó sì lè jẹ́ pé káńsù ló yá àwọn náà, pẹ̀lú àdéhùn pé wọn ò gbọdọ̀ fi yá ẹlòmíràn. Òfin kan tún wà ní Ireland láti ọdún 1971 tó ń jẹ́ kí ẹgbẹ́ eléré ìdárayá tó bá kún ojú òṣùwọ̀n kan lè béèrè fún líìsì ọdún 99. Kì í ṣe gbogbo ẹgbẹ́ ló kàn, ṣùgbọ́n ẹ bi lọ́yà yín, kí ẹ sì rí i dájú pé lọ́yà yín kì í ṣe lọ́yà tiwọn.

Lórí owó, ọ̀rọ̀ kan péré ni mo ní. Ẹ má yáwó lórí tíkẹ́ẹ̀tì tí ẹnikẹ́ni ò tíì rà. FAI fọkàn tán ìjókòó olówó ńlá tí wọ́n fẹ́ tà fún ọdún mẹ́wàá-mẹ́wàá láti fi san ìpín tiwọn ní Lansdowne Road. Ọrọ̀ ajé Ireland wó lulẹ̀ ní 2008, ìjókòó ò tà, gbèsè sì jókòó tì wọ́n títí ìjọba fi ní láti yọ wọ́n nínú wàhálà ní oṣù Kìíní 2020. Àwọn Yorùbá ní ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Tí ẹ bá fẹ́ béèrè owó ìrànwọ́ eré ìdárayá lọ́wọ́ ìjọba, pé ẹgbẹ́ méjì jọ ń lo ibì kan á ràn yín lọ́wọ́, ṣùgbọ́n wọn yóò béèrè ẹ̀rí ẹ̀tọ́ yín lórí ilẹ̀. Ìwé yẹn náà ni ṣáá.

Ọ̀nà kan wà tí mo fẹ́ràn ju kí ẹgbẹ́ kan jẹ́ lánlọ́ọ̀dù fún èkejì lọ: kí ẹni kẹta ni ilẹ̀ náà. Shamrock Rovers, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá kan ní Dublin, pàdánù pápá wọn ní Milltown ní 1987, odindi ọdún 22 ni wọ́n sì fi ń kiri. Lára ibi tí wọ́n sá sí ni RDS, pápá kan ní Dublin, ibi tí ẹgbẹ́ rọ́gíbì Leinster wá fi ṣe ilé lẹ́yìn ìgbà náà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ tiwọn ní Tallaght, owó tán lójú ọ̀nà, ilé aláìlórí dúró gbagidi sójú títì. Káńsù South Dublin ló gbà á, ló sì kọ́ ọ parí. Kó tó parí, Thomas Davis, ẹgbẹ́ eré ìbílẹ̀ Ireland kan ládùúgbò, gbé káńsù lọ sílé-ẹjọ́ pé pápá náà gbọ́dọ̀ gba eré tiwọn náà. Ẹjọ́ ò dá wọn láre, ṣùgbọ́n ó fi àkókò ṣòfò. Rovers wọlé ní oṣù Kẹta 2009 gẹ́gẹ́ bí ayálégbé. Lónìí, ìjókòó ti yí pápá ká, ó ń gba nǹkan bíi 10,000, ikọ̀ obìnrin Ireland náà sì ń lò ó. Ẹni tó bá rántí bí ilé yẹn ṣe dúró bí òkú ilé yóò mọ̀ pé ayọ̀ ńlá ni. Tí káńsù yín bá ní ilẹ̀, tàbí tí ẹgbẹ́ rọ́gíbì bá lè gbà kí káńsù di ilẹ̀ wọn mú fún ẹgbẹ́ méjèèjì, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí lọ̀ wọ́n kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn.

Àmọ́ káńsù náà ò lè fi tipátipá so yín pọ̀. Káńsù Dublin ra pápá Dalymount Park ní 2015, èrò wọn sì ni pé ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù méjì, Bohemians àti Shelbourne, yóò jọ máa lò ó. Àwọn ará Shelbourne kọ̀ jálẹ̀, Tolka Park, pápá tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, ni ọkàn wọn wà, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì wà títí di òní. Ní Àríwá Ireland, ìjọba fẹ́ kọ́ pápá kan ṣoṣo síbi tí ẹ̀wọ̀n Maze wà tẹ́lẹ̀ fún bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá, rọ́gíbì àti eré ìbílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ní 2009 ni wọ́n pa èrò náà tì. Ibẹ̀ jìnnà sí àárín Belfast, àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù ò sì fẹ́ fi Windsor Park, pápá wọn ní Belfast, sílẹ̀. Nítorí náà, ẹ pe àwọn òbí àti àwọn ọmọ yín jọ, kí ẹ gbọ́ tẹnu wọn.

Ó wá kan koríko. Lójú ìwọ̀n, ẹ ríre. Pápá bọ́ọ̀lù tó pé òṣùwọ̀n àgbáyé jẹ́ mítà 105 ní gígùn, 68 ní ìbú. Ti rọ́gíbì kì í ju mítà 100 sí 70 lọ, ṣùgbọ́n lẹ́yìn òpó góòlù méjèèjì, wọ́n nílò ààyè mìíràn tó lè tó mítà 22 níbi tí wọ́n ti ń gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀. Nítorí náà, ilẹ̀ rọ́gíbì sábà máa ń gba bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá, ilẹ̀ bọ́ọ̀lù ni kì í fìgbà gbogbo gba rọ́gíbì. Eré ìbílẹ̀ Ireland ni òmìrán níbẹ̀, mítà 130 sí 145 ní gígùn, 80 sí 90 ní ìbú. Ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀ràn Tallaght le: ẹ ò lè fẹ pápá tó bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé àwọn òǹwòran bọ́ọ̀lù jókòó síbi tó jìnnà réré. Ẹ rí Sportsground ní Galway, ọ̀nà eré ìje ajá ló yí pápá rọ́gíbì Connacht ká fún ọ̀pọ̀ ọdún, òǹwòran á jókòó, ọ̀nà ajá á wà láàárín òun àti eré.

Wàhálà gidi wà nínú kàlẹ́ńdà. Láti 2003, líìgì àgbà bọ́ọ̀lù Ireland ti kúrò nínú ìgbà òtútù. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n á parí ní nǹkan bí oṣù Kọkànlá. Rọ́gíbì ń lọ láti oṣù Kẹsàn-án dé oṣù Karùn-ún. Ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ máa ń rí èyí, wọ́n á ní, "Ó dára, a ò ní kọlu ara wa." Kì í ṣe òótọ́ pátápátá, torí ẹ ó ṣì pàdé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún àti láti oṣù Kẹsàn-án; èyí tó burú jù ni pé koríko ò ní sinmi. Oṣù Karùn-ún sí Keje ni koríko Ireland ń hù dáadáa, ìgbà yẹn ni wọ́n ń gbìn ín tuntun, tí wọ́n ń da iyanrìn sí i. Tí rọ́gíbì bá parí tí ẹ̀yin ṣì ń gbá lọ, ìgbà wo ni ìwòsàn fẹ́ wáyé? Nínú rọ́gíbì, àwọn mẹ́jọ á forí kan mẹ́jọ, wọ́n á máa taari ara wọn, ẹsẹ̀ wọn á sì hú ilẹ̀ tútù bí ọkọ́. Lẹ́yìn òjò oṣù Kìíní, ọmọ ọdún mẹ́wàá tó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù nílẹ̀ fún ẹnìkejì rẹ̀ lórí irú ilẹ̀ yẹn kò lè kọ́ ohunkóhun. Ọ̀rọ̀ tó ń dùn mí nìyí, torí àwọn ọmọ ló ń jìyà rẹ̀.

Nítorí náà, kí ó wà nínú ìwé: ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ó kéré tán nínú ìgbà ooru tí ẹnikẹ́ni ò ní fẹsẹ̀ kan pápá àgbà, àti orúkọ ẹnì kan ṣoṣo tó ní àṣẹ láti sọ pé "A ò gbá lónìí." Kí ẹni náà má jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá ẹgbẹ́ kankan. Tí líìgì àwọn ọmọ yín bá jẹ́ ti ìgbà òtútù, ọ̀ràn yàtọ̀. Ẹ̀yin àti rọ́gíbì á máa du òpin ọ̀sẹ̀ kan náà, ẹ sì gbọ́dọ̀ pín wákàtí kí ẹ tó pín owó.

Wọ́n lè ní ká kúkú fi koríko oníke sí i. Ó dára, ó ń gba ìlò ju koríko ilẹ̀ lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra, nítorí oníke tí wọ́n ṣe fún bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá nìkan kò tó fún rọ́gíbì. Òfin kejìlélógún àjọ World Rugby béèrè pé kí ilẹ̀ lè dáàbò bo orí ẹni tó bá ṣubú láti gíga mítà 1.3, nítorí náà irun rẹ̀ máa ń gùn, tìmùtìmù sì sábà máa ń wà nísàlẹ̀. Ó wọ́n ju ti bọ́ọ̀lù lọ. Ẹni tí eré rẹ̀ fa àlékún yẹn ló yẹ kó san án, kì í ṣe ìdajì-ìdajì. Kí ẹ sì máa dá owó pípààrọ̀ rẹ̀ sí báńkì lọ́dọọdún, torí kì í wà títí ayé.

Ìwọ̀n ilé náà ńkọ́? Limerick FC gbá bọ́ọ̀lù ní Thomond Park, pápá rọ́gíbì Munster, láti 2013 kí wọ́n tó padà sí Markets Field ní 2015. Thomond Park ń gba ju 25,000 lọ. Èrò ẹgbẹ́ kékeré nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ dà bí ìdílé mẹ́ta nínú gbọ̀ngàn ìgbéyàwó. Ìjókòó 300 tó kún á wúlò fún yín ju 1,500 tó ṣófo lọ, kò sì ní pa yín lówó lórí àtúnṣe.

Tí ẹ ò bá tíì mọ ìwà ara yín, ẹ dán an wò fún sáà kan kí ẹ tó kọ́ ohunkóhun. Ní 2005 ni GAA, àjọ eré ìbílẹ̀ Ireland, tú òfin tó ti ilẹ̀kùn Croke Park, pápá ńlá wọn ní Dublin, mọ́ rọ́gíbì àti bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá, fún ìgbà tí Lansdowne Road wà lọ́wọ́ kíkọ́. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kejì 2007, Ireland na England ní 43 sí 13 nínú rọ́gíbì níbẹ̀, lórí pápá tí àwọn agbófinró ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti yìnbọn pa ènìyàn 14 ní 1920. Wọ́n kọ orin orílẹ̀-èdè Gẹ̀ẹ́sì, èrò dákẹ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ọdún díẹ̀ péré ni wọ́n fi yá ilé náà lò, ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ ìparí sì yé gbogbo ènìyàn. Láísẹ́ǹsì ọlọ́dún kan tó fún irú ìdánwò bẹ́ẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí ẹ ò bá tíì fi bíríkì kan lélẹ̀.

Àjọjẹ kò dùn bẹ́nìkan ò bá ní, wọ́n sì mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ ò ní ilẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn mú yín tijú béèrè. Ẹ ní ọmọ tó pọ̀, ẹ ní owó ẹgbẹ́ tó ń wọlé, ẹ sì ń mú kí ìwé ìbéèrè owó ìrànwọ́ wọn lágbára sí i. Ní ìpàdé tó ń bọ̀, ẹ ní kí wọ́n fi ìwé ilẹ̀ hàn yín. Tí wọ́n bá mú un jáde, ẹ gba ẹ̀dà rẹ̀ fún lọ́yà, kí ẹ sì dá ọjọ́ tí ẹ ó jọ rìn yí pápá náà ká lẹ́yìn òjò.