Ṣé Kí A Gé Àwọn Igi Inú Ọgbà Wa?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Olóòtú. Láìpẹ́ yìí ni èmi àti ọkọ mi kó kúrò nítòsí Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́ lọ sí Alágbàká, níbi tí igi pọ̀ sí. Máńgòrò méjì wà nínú ọgbà ilé tí a rà, mẹlínà ńlá kan sì ta ẹ̀ka bo òrùlé. Màmá ọkọ mi ní kí a gé gbogbo wọn, kí a da kọnkéré sílẹ̀, nítorí ejò àti ewé tó ń dí gọ́tà. Kí ni kí a ṣe?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ilé tuntun. Ìbẹ̀rù màmá nídìí, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe gé gbogbo wọn. Ìtura tí ẹ ń rí ní Alágbàká kò wá láti ara ibòòji nìkan: igi a máa fa omi láti inú ilẹ̀, a sì máa tú u sí afẹ́fẹ́ láti ara ewé, èyí tó ń mú kí àyíká rẹ̀ tutù. Kọnkéré, ní tirẹ̀, a máa gba ooru oòrùn sára lọ́sàn-án, a sì máa tú u jáde lálẹ́, ní àkókò tí ẹ fẹ́ sùn gan-an. Òjò tí ilẹ̀ ìbá mu yóò sì ya lọ bá aládùúgbò tó wà nísàlẹ̀.

Mẹlínà yẹn ló yẹ kí ẹ fojú sí, nítorí kíákíá ló máa ń dàgbà, ìjì tó ń ṣáájú òjò ní oṣù kẹta àti ìkẹrin sì lè fa ẹ̀ka rẹ̀ ya lu òrùlé. Ẹ pe ẹni tó mọṣẹ́ kí òjò tó dé, kí ó gé ẹ̀ka wọ̀nyẹn kúrò. Bí ìdí igi náà bá súnmọ́ ìpìlẹ̀ ilé tàbí ihò ìdọ̀tí ilé ìyàgbẹ́, ẹ gé e pátápátá, torí pé gbòǹgbò a máa wá omi kiri, a sì máa wọ inú páìpù tó bá ti là.

Ní ti ejò, koríko gíga, òkìtì búlọ́ọ̀kù àti eku ló ń fà á wá. Ẹ máa ro ọgbà, kí ẹ sì máa ṣa máńgòrò tó bá jábọ́ kí eku má baà rí i jẹ. Ẹ máa kó ewé kúrò nínú gọ́tà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ dà á sídìí igi. Ẹ má ṣe dáná sun ún.

Bí ẹ bá gé mẹlínà náà, ẹ gbin ọsàn dípò rẹ̀, kí ó jìnnà sí ògiri, kí ẹ sì jẹ́ kí màmá fúnra wọn yan ibi tí yóò wà.