Bàbà tí wọn ò tíì wà jáde, èló ló yẹ ká pè é?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, Ìpẹ̀rù Rẹ́mọ ni mò ń gbé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Kánádà ló ní ká jọ ra ṣíà kọ́ńpìnnì kan tó ní ilẹ̀ bàbà lókè òkun, wọn ò tíì wa nǹkankan níbẹ̀ o. Ìwé tó fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi sọ pé òkúta ibẹ̀ tó 400 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù, gírédì ẹ̀ jẹ́ 0.4%. Mo ṣírò ẹ̀, 1.6 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù bàbà nìyẹn, tí tọ́ọ̀nù kan bá jẹ́ 9,000 dọ́là, ó di bílíọ̀nù dọ́là 14.4! Bẹ́ẹ̀, 80 mílíọ̀nù dọ́là péré ni gbogbo kọ́ńpìnnì náà lọ́jà ṣíà. Ṣé àwọn tó ń tà á ò mọ ìṣirò ni, àbí ìfà la fẹ́ jẹ yìí?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìṣírò sà. Ìṣirò yín pé, àmọ́ iye bàbà lẹ ṣírò, ẹ ò tíì ṣírò iye tí kọ́ńpìnnì tó. Ẹni tó ní oko obì ní Ṣàgámù, tí obì ṣì wà lórí igi, kò lè fi iye tí wọ́n ń ta obì ní Kánò ṣírò ohun tó wà lórí igi kó wá sọ pé òun ti di olówó, ta ló ká a, ta ló pa á, ta ló sanwó ọkọ̀?

Ẹ wo gírédì yẹn dáadáa. 0.4% túmọ̀ sí kílò mẹ́rin nínú tọ́ọ̀nù kan. Tipa tó gbé 30 tọ́ọ̀nù òkúta, 120 kílò bàbà ló wà nínú ẹ̀, ìyókù òkúta lásán ni, gbogbo ẹ̀ náà ni wọ́n sì máa fọ́, tí wọ́n máa lọ̀ kúnná, tí wọ́n máa dà sínú omi àti kẹ́míkà kí ìfóòfó lè gbé bàbà wá sókè. Tí iṣẹ́ bá dáa, bíi 85% ló máa jáde. Èyí tó jáde gan-an ò tíì di bàbà, ìyẹ̀fun tí bàbà inú ẹ̀ jẹ́ bíi 25% sí 30% ni, wọ́n á tún gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń yọ́ ọ, àwọn yẹn náà á yọ tiwọn.

Ká tó dé ibẹ̀ rárá, ọ̀nà ńkọ́, iná ńkọ́, omi, ibi tí wọ́n máa da ìdọ̀tí sí? Àfàìmọ̀ kó má lé ní bílíọ̀nù dọ́là. Kọ́ńpìnnì tí gbogbo ara ẹ̀ jẹ́ 80 mílíọ̀nù, ibo ló ti fẹ́ rí i? Ṣíà tuntun ló máa tà, lọ́pọ̀ ìgbà, tó bá sì ti ń tà á bẹ́ẹ̀ ni ìpín tiyín á máa kéré sí i.

Àsìkò tún wà ńbẹ̀. Dọ́là kan tó máa wọlé lẹ́yìn ọdún 15, tó bá jẹ́ pé owó tó wà lọ́wọ́ lónìí lè máa fi 10% lé lọ́dún, sẹ́ǹtì 24 ló jẹ́ lónìí (Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ ò nílò kí n kọ́ wọn níyẹn). Ọdún 15 ò sì pọ̀ jù o. Resolution, ilẹ̀ bàbà kan ní Arizona ní Amẹ́ríkà, 1995 ni wọ́n rí i, Rio Tinto àti BHP, kọ́ńpìnnì ìwakùsà ńláńlá méjì, ló ni ín, kì í ṣe olówó kékeré, síbẹ̀ 2024 dé, wọn ò tíì wa bàbà kankan tà níbẹ̀, torí bàbà ibẹ̀ jìn sísàlẹ̀ ilẹ̀ púpọ̀, àwọn Apache, ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, sì ní ilẹ̀ mímọ́ àwọn ni. Pebble, ilẹ̀ bàbà mìíràn ní Alaska, ìjọba Amẹ́ríkà dí i lọ́nà ní 2023. Cobre Panamá, ibi tí wọ́n ti ń wa bàbà ní orílẹ̀-èdè Panama, tiẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ ní tiẹ̀, kóòtù tó ga jù lọ níbẹ̀ ní àdéhùn tó bá ìjọba ṣe ò bófin mu, wọ́n tì í pa lọ́dún 2023 kan náà.

Ọ̀nà kan tí àwọn tó ń ra irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ń gbà ni pé wọ́n á pín iye tí kọ́ńpìnnì jẹ́ sórí pọ́n-ùn bàbà tó wà nílẹ̀ (pọ́n-ùn ìwọ̀n ni o, kì í ṣe owó). 1.6 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù jẹ́ bíi bílíọ̀nù pọ́n-ùn 3.5, 80 mílíọ̀nù dọ́là wá di sẹ́ǹtì méjì àti díẹ̀ lórí pọ́n-ùn kan. Fún ilẹ̀ tí wọn ò tíì kọ́ nǹkankan sí, iye tó wọ́pọ̀ ni, kì í ṣe ìfà. Ẹ kàn rí i pé ilẹ̀ tó jọra lẹ̀ ń fi wéra, bó ṣe jìn sísàlẹ̀ tó, gírédì ẹ̀, ìjọba ibẹ̀.

Torí náà ẹ bi ọmọ yín: mélòó nínú 400 mílíọ̀nù yẹn ni wọ́n pè ní inferred? Ìyẹn ni pé ihò tí wọ́n gbẹ́ síbẹ̀ ò tíì pọ̀ tó, àfojúbù ló ṣì jẹ́. Èló ni wọ́n pe bàbà nínú ìṣirò tiwọn? Bàbà ti kọjá 10,000 dọ́là ní 2024 lóòótọ́, ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ 2016 kò tó 5,000. Èló ló ṣẹ́ kù ní báńkì wọn? Tó bá jẹ́ owó pẹ́ńṣàn lẹ fẹ́ fi rà á sà, èmi ò fara mọ́ ọn. Tó bá jẹ́ owó tẹ́ ẹ lè gbàgbé síbẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, ẹ fi díẹ̀ gbìyànjú.

ÌBÉÈRÈ: A rí òkúta tó ní àwọ̀ ewé lórí ilẹ̀ mọ̀lẹ́bí wa nítòsí Ìjẹ̀bú-Igbó. Wọ́n ní bàbà ni. Ṣé tiwa ni?

ÌDÁHÙN: Bàbà máa ń sọ òkúta di aláwọ̀ ewé lóòótọ́, àmọ́ nǹkan mìíràn náà máa ń ṣe é. Ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò ná. Tó bá tiẹ̀ jẹ́ bàbà, òfin ohun àlùmọ́nì ti 2007 sọ pé ìjọba àpapọ̀ ló ni ín, Àbújá sì ni wọ́n ti ń fúnni ní lísẹ́ǹsì. Ohun tó kan mọ̀lẹ́bí ni owó gbà-má-bínú lórí ilẹ̀ àti irè oko, ẹ má sì tíì pín ìyẹn náà o.