O Ra Àṣíborí Tuntun. Orí Ńkọ́?

Mo ka àtẹ àkókò tí o fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kò sóhun tó ṣe é. Ó dára ju tèmi lọ. Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí lo ń jí, kí ilẹ̀ tó mọ́ o ti gun kẹ̀kẹ́ inú yàrá, lẹ́kíṣọ̀ títí di aago mẹ́rin, eré sísá nínú igbó lọ́jọ́rú, ìwé kíkà fún wákàtí méjì lálaalẹ́. O tiẹ̀ kọ ìgbà tí o máa fọ aṣọ síbẹ̀. Jẹ́ ká pa á tì.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò rí lẹ́tà yìí: ọmọ ogún ọdún ló kọ ọ́, ó pe ara rẹ̀ ní Ẹlẹ́rẹ̀. Ó wà ní ọdún kejì nídìí ìmọ̀ ẹ̀rọ ní yunifásítì kan ní àríwá Ẹ̀ńgláńdì, ó sì ti ń díje nínú eré kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń pè ní cyclocross láti ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Èmi ò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, mo ní kí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi fídíò rẹ̀ hàn mí. Mo rò pé kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń gùn. Ohun tí mo rí ni géńdé ọkùnrin tó gbé kẹ̀kẹ́ kọ́ èjìká, tó ń sá gun òkè nínú ẹrẹ̀. Kẹ̀kẹ́ tó yẹ kó gbé e, òun ló gbé e. Ọ̀nà tó gùn tó bíi kìlómítà 3 ni wọ́n ń yí po fún nǹkan bíi wákàtí kan: koríko, iyanrìn, àtẹ̀gùn, àti pákó tí wọ́n gbé dínà, tó lè ga tó sẹ̀ǹtímítà 40. Bí ẹrẹ̀ bá di kẹ̀kẹ́ pa, wọ́n á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lọ gba òmíràn tó mọ́, ẹni tó bá wọn wá á máa fọ èyí tó dọ̀tí kí wọ́n tó tún yí dé. Òtútù ni ìgbà rẹ̀, láti Oṣù Kẹsàn-án títí di Oṣù Kejì. Ní Bẹ́ljíọ́mù, tí í ṣe ilé eré náà gan-an, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣe é láàárín Kérésìmesì sí ọdún tuntun.

Bẹ́ljíọ́mù ni Ẹlẹ́rẹ̀ fẹ́ lọ. Ìbéèrè rẹ̀ ni pé ìdíje orílẹ̀-èdè bọ́ sí Oṣù Kìíní, ìdánwò náà bọ́ sí Oṣù Kìíní, ìwé ò sì wọlé mọ́. Ṣé kí òun dá ẹ̀kọ́ dúró fún ọdún kan ni, àbí kí òun gbé kẹ̀kẹ́ sílẹ̀? Bàbá rẹ̀ ní àwọn ò rán an lọ sí yunifásítì lọ gun kẹ̀kẹ́. Ìyá rẹ̀ ní kó gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, pé ayé ló ń bá ìwé rẹ̀ jà.

Ọjọ́ tí lẹ́tà náà dé ni mo ti fi ìméèlì kúkúrú ránṣẹ́ padà pé kó pe 111, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń béèrè ìmọ̀ràn ìlera ní Ẹ̀ńgláńdì, kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Èsì tó fún mi ni: "Ẹ ṣé gan-an Àǹtí, màá ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ìdánwò. Ṣùgbọ́n àtẹ àkókò náà ńkọ́?" Ìyẹn ló jẹ́ kí n gbé ọ̀rọ̀ yìí wá síta.

Ojú ewé kẹta ni nǹkan wà, Ẹlẹ́rẹ̀. O sọ̀rọ̀ nípa táyà, o kọ eléyìí, o tún padà sórí táyà: "Mo fẹ́ fo pákó lórí kẹ̀kẹ́ lọ́jọ́ Àìkú tó kẹ́yìn Oṣù Kọkànlá, mo ṣubú, orí mi gbá òpó, àṣíborí mi là, ṣùgbọ́n mo dìde, mo sì ṣe ipò kẹrìnlá. Mo ti ra òmíràn."

Ó wá di ojú ewé kẹrin: "Láti ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kejìlá ni ìwé ò ti wọlé mọ́."

Ìwọ tó ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ. Ọjọ́ mélòó ló wà láàárín ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn Oṣù Kọkànlá àti ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kejìlá?

Mo tún padà lọ ṣa àwọn yòókù jọ, nítorí o fọ́n wọn káàkiri ojú ewé mẹ́fà bí ẹni tí kò fẹ́ kí ọlọ́pàá rí ẹ̀rí. O ní o ti dín ìmọ́lẹ̀ láptọ́ọ̀pù kù nítorí ó ń gún ọ lójú. O ní bí o bá ti kàwé tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìlà á máa rìn, orí á máa fọ́. O ń sùn lọ́sàn-án, o kì í rí oorun lóru. O jágbe mọ́ ìyá rẹ lórí fóònù, o wá lọ sunkún nínú ilé ìwẹ̀, o ò mọ ohun tó pa ọ́ lẹ́kún. Èyí tó bí mi nínú jù ni èyí tí o fi ṣe ẹ̀rín: pé ọ̀rẹ́ rẹ tó ń bá ọ fọ kẹ̀kẹ́ ní o bi òun lẹ́ẹ̀mejì, láàárín ìṣẹ́jú kan náà, pé ìyípo mélòó ló kù. O ní eré ló mú ọ lọ́kàn.

Kì í ṣe eré. Ọpọlọ rẹ ti mì. Concussion ni àwọn dókítà ń pè é. Èmi kì í ṣe dókítà, àwọn ni yóò sì sọ bí ó ṣe tó, ṣùgbọ́n mo lè fi ojú ewé kẹta sọ́wọ́ ọ̀tún, kí n fi ojú ewé kẹrin sọ́wọ́ òsì.

Ṣé o ti rí ẹlẹ́mu tó ń gun kẹ̀kẹ́ bọ̀ láti oko rí? Bóyá o ò rí i, ìlú òyìnbó lo dàgbà sí. Bí kẹ̀kẹ́ bá dà á, kèrègbè lè má fọ́ rárá. Ṣùgbọ́n ṣí i wò: ẹmu ti dàrú, ó ń hó yọ ìfófòó, ó sì di ìgbà tó bá fara balẹ̀ kí ó tó ṣeé mu. Iṣẹ́ àṣíborí ni pé kí kèrègbè má fọ́, ó sì ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Kò sí àṣíborí tó lè dá ẹmu inú kèrègbè dúró kó má mì. Kò sì di dandan kí èèyàn dákú tàbí kí ẹ̀jẹ̀ jáde. Bẹ́ẹ̀, "ẹ̀jẹ̀ ò jáde" ni gbogbo wa máa ń sọ, bí ẹni pé láti ara ẹ̀jẹ̀ nìkan ni nǹkan ti ń bàjẹ́.

"Mo ti ra òmíràn." O ra àṣíborí, ó dáa bẹ́ẹ̀. Orí ńkọ́? Ọ̀dọ̀ Àjàlá la ti ń mú orí wá, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sì ni. Àjàlá ò ní ṣọ́ọ̀bù lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Bí inú mi ṣe ń ru yìí, ó ní ìdí. Ní 1994, àbúrò mi ọkùnrin já bọ́ lórí ọ̀kadà n'Íbàdàn, ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ WAEC. Kò dákú. Ó gbọn eruku nù, ó fẹsẹ̀ rìn wálé. Nígbà tó ní òun ò lè kàwé, a ní ọ̀lẹ ni. Bàbá wa nà án. Ìyá wa wá ìsọ̀yè lọ, wọ́n sì sín gbẹ́rẹ́ fún un sáàárín orí tó ń dùn ún gan-an. Iṣẹ́ méje ló ti fìdí rẹmi nínú WAEC náà. Títí dòní, kò sẹ́ni tó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ilé wa. Èmi náà ò tíì tọrọ ọ́. Láti ìgbà tí mo sì ti ń dá lẹ́tà lóhùn, mo ti rí ọ̀pọ̀ irú rẹ̀: ìyàwó tó ní ọkọ òun yí padà di oníbìínú, tó wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ lẹ́tà pé ọkọ náà ṣubú láti orí àkàbà lọ́dún tó kọjá, ọmọ tó ní kí n júwe àdúrà ìrántí fún òun. Ẹ kì í fi ìṣubú náà ṣáájú. Ẹ máa ń fi sáàárín ọ̀rọ̀ mìíràn ni, bí owó ọkọ̀.

O ní o dìde o parí eré, o sì fẹ́ kí n kí ọ fún un. Romain Bardet, ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ ọmọ Faransé, ṣubú nínú Tour de France 2020. Ó dìde, ó parí eré ọjọ́ náà. Nígbà tí wọ́n yẹ orí rẹ̀ wò lálẹ́, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ti jáde sínú ọpọlọ rẹ̀, kò sì gun kẹ̀kẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ọdún tó tẹ̀lé e ni UCI, àjọ tó ń ṣàkóso eré kẹ̀kẹ́ lágbàáyé, bẹ̀rẹ̀ ìlànà tirẹ̀ lórí ẹni tó bá forí gbá. Nítorí náà má fi ipò kẹrìnlá hàn mí. Tom Pidcock tí ẹ̀yin ọmọ Yorkshire ń wò tí ẹ fi ń fo pákó, ọmọ Leeds tó di aṣẹ́gun àgbáyé nínú cyclocross ní 2022, ó ní dókítà tó lè fà á sọ̀ kalẹ̀. Ìwọ ní ọ̀rẹ́ kan tó ń fọ kẹ̀kẹ́.

Ṣé ìlànà ò sí fún ẹni tí kì í fi eré ṣe iṣẹ́ òòjọ́ ni? Ó wà. Ìjọba Ìlú Ọba gbé e jáde ní Oṣù Kẹrin 2023. Bí a bá fura pé orí ti mì, ẹni náà gbọ́dọ̀ kúrò lórí pápá lójú ẹsẹ̀, kí ó gba àyẹ̀wò tàbí kí ó pe 111 láàárín wákàtí 24, kí ó dín lílo fóònù àti láptọ́ọ̀pù kù fún ọjọ́ kìíní sí ìkejì. Kò gbọ́dọ̀ díje kí ọjọ́ 21 tó pé, bí ara rẹ̀ bá tiẹ̀ dá. Bí ó bá lé ní ọjọ́ 28 tí orí ṣì ń fọ́, dókítà ló kàn. Ìwọ ńkọ́? Ọjọ́ keje o ti wà nínú ìdíje mìíràn. Ọjọ́ kẹrìnlá, òmíràn. Bí orí tí kò tíì jinná bá tún gbá nǹkan, ohun tó lè ṣẹlẹ̀ burú ju kí ìwé má wọlé lọ. Nígbà tí o bá ń ka èyí, ọjọ́ 28 ti kọjá.

Ohun kan tún wà nínú ìlànà yẹn tí màá fẹ́ kí bàbá rẹ gbọ́. Wọ́n ní kí èèyàn kọ́kọ́ padà sẹ́nu ìwé tàbí iṣẹ́, díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi lè ṣe é láìsí orí fífọ́, kí ó tó ronú àtipadà sórí pápá. Ìwé ló ń ṣáájú kẹ̀kẹ́. Ìwọ yí i po: kẹ̀kẹ́ lo kọ́kọ́ padà sí, o wá ń bá ìwé jà.

Mo ronú kí n tó kọ èyí tó kàn, mo sì pinnu pé màá kọ ọ́. Kelly Catlin, ọmọ Amẹ́ríkà, wà nínú ikọ̀ tó gba fàdákà eré kẹ̀kẹ́ ní Òlíńpíìkì Rio 2016, wọ́n sì di aṣẹ́gun àgbáyé ní 2016, 2017 àti 2018. Ó tún ń kàwé gboyè kejì nínú ìṣirò ní Stanford. Òun náà mọ bí a ti ń pín àkókò. Ó tiẹ̀ kọ̀wé nípa rẹ̀ fún ìwé ìròyìn àwọn ẹlẹ́kẹ̀kẹ́. Ní Oṣù Kejìlá 2018 ó ṣubú, ó forí gbá. Ìdílé rẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé láti ìgbà yẹn orí ń fọ́ ọ, ìmọ́lẹ̀ ń yọ ọ́ lẹ́nu, kò sì lè gun kẹ̀kẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ní Oṣù Kẹta 2019, ó gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Ọmọ ọdún 23. Mi ò sọ pé ìṣubú yẹn nìkan ló fà á, irú ikú bẹ́ẹ̀ kì í ní ìdí kan ṣoṣo. Ohun tí mò ń bi ọ́ ni pé ẹkún inú ilé ìwẹ̀ yẹn, ẹ̀ẹ̀mélòó? Ṣé ó máa ń ṣe ọ́ bíi pé kí o má jí mọ́? Bí ó bá ń ṣe ọ́ bẹ́ẹ̀, má dúró de dókítà ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Pe 116 123, àwọn Samaritans ni, àwọn tó ń tẹ́tí sí ẹni tí ayé sú, ọ̀sán òru ni wọ́n ń gbé e, o ò ní san kọ́bọ̀. Bí orí fífọ́ bá sì ń le sí i, tí o ń bì, tí oorun tí kò ṣeé jí ń gbé ọ lọ, 999 ni, nọ́ńbà pàjáwìrì.

Ìyá rẹ lè gba ààwẹ̀ rẹ̀, kò ní pa ẹnikẹ́ni lára. Ìwọ má gbà á. Jẹun. Kí o sì sọ òótọ́ fún un, nítorí mo ka ibi tí o ní o ò tíì sọ fún un pé o ṣubú kó má bàa pariwo. Jẹ́ kó pariwo.

Ní ti ìdánwò, yunifásítì rẹ ní fọ́ọ̀mù tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń sọ pé àìsàn ṣe òun. Kọ ọ́ ṣáájú ìdánwò, má jẹ́ kó di ẹ̀yìn rẹ̀, nítorí bí máàkì bá ti jáde, àwáwí ni wọ́n á kà á sí. Wá olùkọ́ tí wọ́n yàn láti máa tọ́jú rẹ lọ. Gba lẹ́tà dókítà. Wọ́n lè sún ìdánwò síwájú fún ọ.

Bí ó bá sì kan ọdún kan tí o fẹ́ fi lọ Bẹ́ljíọ́mù, mi ò ní dáhùn. Orí tó ń bi mí ní ìbéèrè yẹn kọ́ ni mo fẹ́ dá lóhùn. Kọ̀wé sí mi padà nígbà tí o bá lè ka ojú ewé ogún láìdín ìmọ́lẹ̀ láptọ́ọ̀pù kù, ká wá jọ sọ ọ́.

Ṣé o ti ju àṣíborí tó là náà nù? Bí o kò bá tíì jù ú, gbé e dání lọ sọ́dọ̀ dókítà. Mo ti mọ irú yín, bí o bá jókòó tán níwájú rẹ̀, "ara mi ti yá" ni wàá sọ. Gbé e lé orí tábìlì kí o tó la ẹnu.